Bí a ṣe lè wá ìwọ̀n èròjà ọkàn tó yẹ ọmọ tuntun láti inú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́

Láàbù tó bá ń fi ẹ̀rọ Roche wọn troponin T, èròjà tó máa ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn tó farapa, máa ń kọ 14 ng/L sórí ìwé èsì gẹ́gẹ́ bí òkè ààlà. Ààlà àgbàlagbà ni nọ́ńbà yẹn: lára àwọn àgbàlagbà tí ara wọn dá ni wọ́n ti rí i pé ẹni 99 nínú 100 kì í kọjá rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, tó ké dáadáa, tó sì ń mu ọmú, lè kọjá 14 yìí ní ìlọ́po méjì kí ọkàn rẹ̀ má sì ní àbùkù kankan. Dókítà tó bá fi òṣùwọ̀n àgbà wọn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè dá a dúró sí ilé-ìwòsàn láìnídìí, kí ìyá rẹ̀ má sì fojú kan oorun. Èyí tó tún burú jù ni pé, bí èsì tó ga bá ti di ohun tí ojú àwọn òṣìṣẹ́ mọ́, wọn kò ní kọbi ara sí i mọ́, títí kan ti ọmọ tí kò rí èémí gbà nígbà ìbí, tí ọkàn rẹ̀ farapa lóòótọ́.

Nítorí náà, ilé-ìwòsàn tó bá fẹ́ máa wọn èròjà ọkàn ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n tí wọ́n rí lára àwọn ọmọ tuntun. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn òṣìṣẹ́ láàbù, àwọn nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí àti àwọn dókítà ọmọdé tí wọ́n fẹ́ jọ ṣe iṣẹ́ náà níbi tí wọ́n wà. Ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ni ó dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé a kò ní fi abẹ́rẹ́ gún ọmọ, gbogbo ọmọ ni a ó sì gbà á lọ́wọ́ wọn ní àsìkò kan náà, ìyẹn ìṣẹ́jú tí wọ́n wáyé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀n

Èròjà mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń wá. Troponin T àti troponin I wà nínú ẹran ọkàn, bí ẹran náà bá sì farapa, wọ́n á jò sínú ẹ̀jẹ̀. CK-MB náà máa ń jò láti inú ẹran tó farapa. Ti NT-proBNP yàtọ̀, nítorí ọkàn tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn, tí ẹ̀jẹ̀ kún débi tí ògiri rẹ̀ fi ń nà, ni ó máa ń tú u jáde, kódà bí ẹran rẹ̀ kò bá farapa.

Ọkàn ọmọ inú oyún kì í ṣe ọkàn àgbà tí a ṣe ní kékeré. Troponin I tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni irú èyí tó wà nínú ẹran ara tí kì í tètè sún kì. Irú ti ọkàn gan-an ń gba ipò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìyípadà náà kì í sì í parí títí di nǹkan bí oṣù 9 lẹ́yìn ìbí. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ẹran ara ọmọ inú oyún, kì í ṣe ọkàn rẹ̀ nìkan, máa ń ṣe troponin T irú ti ọkàn, ó sì máa ń ṣe CK-MB. Ìdí nìyẹn tí CK-MB tó ga lẹ́yìn ìrọbí gígùn fi lè wá láti èjìká tàbí itan ọmọ tí ọ̀nà ìbí fún mọ́lẹ̀. Bí owó bá mọ níwọ̀n, èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ná an sórí CK-MB: troponin kan àti NT-proBNP ti tó.

Ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ àti ti èròjà àyẹ̀wò sílẹ̀ kí ẹ tó gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ àkọ́kọ́. Troponin I tí ilé-iṣẹ́ kan ń wọ̀n kì í bá ti ilé-iṣẹ́ mìíràn dọ́gba, nítorí pé ibi tí àǹtíbọ́dì kálukú ti ń di èròjà náà mú yàtọ̀. Ààlà tí ẹ bá rí lórí ẹ̀rọ kan, ti ẹ̀rọ yẹn ni.

Ẹ tún pinnu irú ààlà tí ẹ ń wá. Fún ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò, ìdá 95 tó wà láàárín nínú àwọn tí ara wọn dá ni a máa ń mú, ìyẹn láti ìdá 2.5 sí ìdá 97.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún troponin àgbàlagbà, ìdá 99 ni gbogbo ayé ń lò. Ó wu ènìyàn láti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tuntun náà, ṣùgbọ́n ẹ ro iye ọmọ tí ẹ máa rí: bí ọmọ bá jẹ́ 120, ìdá 99 yóò bọ́ sáàárín ọmọ kejì láti òkè àti ọmọ tó ga jùlọ. Ọmọ kan ṣoṣo tó ní ìṣòro tí ẹnikẹ́ni kò rí lè gbé gbogbo ààlà náà lọ sókè. Ẹni tó bá fẹ́ ìdá 99 níláti wá ọmọ 300 ó kéré tán. Ẹni tí agbára rẹ̀ mọ ní 120, kí ó dúró lórí 97.5, kí ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ta ni ọmọ tí ara rẹ̀ dá?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti máa ń wó, kì í ṣe ibi ìṣirò. Bí a bá kó ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá mọ́ àwọn tí ara wọn dá, ààlà yóò fẹ̀ sókè, àwọn ọmọ tí a ń wá kí a lè ràn wọ́n lọ́wọ́ yóò sì sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ àwọn òfin náà sílẹ̀ ṣáájú, ẹ má ṣe yí wọn padà lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí èsì.

Ní ti ọmọ: kí ó jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo nínú oyún, kí oyún náà wà láàárín ọ̀sẹ̀ 37 sí 41, kí ọmọ wọ̀n láàárín 2,500 g sí 4,000 g, kí máàkì Apgar rẹ̀ (tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí ara ọmọ ṣe le sí lẹ́yìn ìbí) má dín ní 7 ní ìṣẹ́jú kìíní, kí ó má dín ní 8 ní ìṣẹ́jú karùn-ún, kí ó má sì nílò ìrànlọ́wọ́ kankan láti mí. Ẹ wọn pH (ìwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe kan sí, bó bá ṣe kéré tó ni ẹ̀jẹ̀ ṣe kan tó) ti ẹ̀jẹ̀ iṣan àlọ inú ìwọ́, èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ọmọ, pẹ̀lú. Ní tèmi, ọmọ tí pH rẹ̀ bá dín ní 7.20 kò yẹ nínú ẹgbẹ́ yìí, bó ti wù kí ó ké tó. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń kan kì í sábà fi hàn lójú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àìrí èémí gbà sì ni ohun àkọ́kọ́ tó máa ń gbé troponin sókè. Àwọn ìbejì, bí a ti fẹ́ràn wọn tó nílẹ̀ yìí, ẹ yọ wọ́n kúrò, nítorí pé oyún wọn yàtọ̀, èsì ọ̀kan kò sì dá dúró láìsí ti èkejì.

Ní ti ìyá: kí ó má ní ẹ̀jẹ̀ ríru, yálà ti tẹ́lẹ̀ tàbí ti inú oyún, kí ó má ní àtọ̀gbẹ, àrùn ọkàn, àrùn kíndìnrín tàbí ẹ̀jẹ̀ SS, kí ara rẹ̀ má gbóná nígbà ìrọbí, kí omi tó yí ọmọ ká má sì ní ìgbẹ́ ọmọ nínú. Ọmọ ìyá tó ní àtọ̀gbẹ lè ní ògiri ọkàn tó nípọn láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹ béèrè gbogbo oògùn tí ìyá lò, pàápàá irú èyí tí wọ́n fi ń dá ìrọbí dúró, bíi ritodrine, tó lè gbé troponin ọmọ sókè. Ẹ béèrè nípa àgbo pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ béèrè rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìyá tó bá rí i pé wọ́n fẹ́ bá òun wí yóò sọ pé òun kò mu nǹkan kan.

Ọjọ́ orí oyún ló ṣòro jù lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń pẹ́ kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀, ọjọ́ tí nǹkan oṣù ìkẹyìn dé kì í sì í dá wọn lójú. Ìyá tó ṣe scan láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ni kí ẹ mú, tàbí kí ọjọ́ nǹkan oṣù rẹ̀ tó dá a lójú bá scan tó ṣe kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 20 mu. Èyí yóò dín iye ìyá kù, ṣùgbọ́n ó sàn kí iṣẹ́ pẹ́ ju kí a pe ọmọ ọ̀sẹ̀ 34 ní ọmọ tó pé oṣù.

Ẹ má ṣe ka ọmọ kankan sí ẹni tí ara rẹ̀ dá lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Àrùn ọkàn àbímọ́ni lè farapamọ́ nígbà tí ihò tó wà láàárín àwọn iṣan ńlá ọkàn kò tíì dí. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ wo ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọmọ lẹ́yìn wákàtí 24, kí dókítà sì gbọ́ ohùn ọkàn rẹ̀ kí wọ́n tó lọ sílé. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn ìyá ní Nàìjíríà máa ń gbé ọmọ padà wá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, nítorí náà kò sí ìdí láti dá ọjọ́ mìíràn fún wọn. Ìgbà yìí gan-an ni ẹ tó lè fi orúkọ ọmọ náà sínú ìwé àwọn tí ara wọn dá. Nítorí pé ọ̀pọ̀ yóò jábọ́ lójú ọ̀nà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyá bíi 200 kí 120 tó lè ṣẹ́ kù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìfọwọ́sí, àti ọ̀rọ̀ ibi ọmọ

Iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ ènìyàn nínú ìwádìí ní ilé-ìwòsàn yín, èyí tí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NHREC. Ìyẹn rọrùn láti lóye. Ohun tó ń fẹ́ ìfarabalẹ̀ ni bí a ó ṣe bá àwọn ẹbí sọ̀rọ̀.

Ilé ìtọ́jú aboyún ni kí ẹ ti béèrè, ní bí ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún oyún tàbí lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe nígbà tí ìyá ń rọbí lọ́wọ́. Ẹni tí ìrora mú kò lè fi ọkàn tó balẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ ṣàlàyé fún un pé ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́ kù sínú ìwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé e kúrò lára ọmọ ni ẹ fẹ́ gbà, pé abẹ́rẹ́ kò ní kan ọmọ, àti pé ìtọ́jú òun àti ọmọ òun kò ní yí padà bí òun bá kọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ sọ ibi tí ibi ọmọ àti ìwọ́ ń lọ, láìdúró kí wọ́n tó béèrè. Ọ̀pọ̀ ẹbí Yorùbá ni yóò gbé e lọ sin, ibi tí wọ́n sì rì ìwọ́ ẹni mọ́ ni a fi ń tọ́ka ilé ẹni títí dọjọ́ ikú. Ìyá ọkọ tó bá gbọ́ pé láàbù fẹ́ mú nǹkan nínú ìwọ́ lè rò pé wọ́n fẹ́ fi ọmọ ṣe ohun mìíràn, èmi kò sì dá a lẹ́bi. Ẹ fi hàn wọ́n pé ẹ̀jẹ̀ tí kò kún ṣíbí ìjẹun méjì nìkan ni ẹ máa gbà, kí ẹ sì dá ibi àti ìwọ́ padà fún wọn bí wọ́n bá fẹ́ ẹ, nínú ike tó mọ́ tí kò sì jò. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbà á sínú ìwé. Bí ìyá àgbà bá yọ̀ǹda láti wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ àlàyé náà pẹ̀lú ìyá ọmọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: gbígba ẹ̀jẹ̀ lára ìwọ́

Ẹ má ṣe tètè gé ìwọ́ nítorí ìwádìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a dúró fún ìṣẹ́jú 1 ó kéré tán kí a tó dè é, kí ọmọ lè gba ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ dúró sílẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, ẹ fi kílám̀pù dè ìwọ́ ní ibi méjì sí i, kí nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 wà láàárín, kí ẹ sì gé apá yẹn lọ sórí tábìlì tó mọ́. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ kà sí èyí tó lè ní kòkòrò HIV tàbí hepatitis B nínú, nítorí náà ìbọ̀wọ́ kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́.

Iṣan mẹ́ta ni ó wà nínú ìwọ́. Iṣan àlọ jẹ́ méjì, wọ́n tínrín, ògiri wọn le, wọ́n sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn ọmọ lọ sí ibi. Iṣan àbọ̀ jẹ́ ọ̀kan, ó tóbi, ògiri rẹ̀ rọ̀, ó sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ibi padà sọ́dọ̀ ọmọ. Nítorí pé ọkàn ọmọ ni a ń wádìí, iṣan àlọ ló sún mọ́ ohun tí a ń wá jù, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ máa ń kéré. Ẹ gba ti iṣan àlọ ṣáájú, nígbà tí iṣan àbọ̀ ṣì kún, nítorí pé iṣan tó kún yẹn ló máa gbé àwọn tínrín náà ró kí abẹ́rẹ́ lè wọlé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gba ti iṣan àbọ̀ sínú túùbù mìíràn. Ẹ má da méjèèjì pọ̀ láé. Bí ẹ kò bá rí tó láti inú iṣan àlọ fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ẹ fi iṣan àbọ̀ ṣe iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sórí èsì.

Àwọn kan máa ń gé ìwọ́, kí wọ́n sì fún un bí ẹni ń fún ọmú màlúù sínú ìgò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ ìyá, omi ara ìwọ́ tó ki bí ọ̀gbọ̀lọ̀, àti sẹ́ẹ̀lì tó fọ́ ni yóò bá a wọlé. Abẹ́rẹ́ 21G àti sírínjì ni kí ẹ lò, kí ẹ fà á jẹ́jẹ́, kí ẹ yọ abẹ́rẹ́ náà kúrò kí ẹ tó jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn wẹ́rẹ́ sínú túùbù. Ẹ̀jẹ̀ pH ló kọ́kọ́ ń lọ sínú sírínjì tó ní heparin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí wọ́n wọ̀n ọ́n kí wákàtí kan tó pé. Túùbù lithium heparin ló tẹ̀lé e, fún troponin àti NT-proBNP. Bí BNP fúnra rẹ̀ (èyí tí ọkàn ń tú jáde pọ̀ mọ́ NT-proBNP) ni ẹ̀rọ yín ń wọ̀n, túùbù oníke tó ní EDTA, tí òun náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni kí ẹ lò, nítorí pé BNP kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ìgò onídíńgí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da ẹ̀jẹ̀ láti túùbù EDTA sínú túùbù mìíràn. Kí ẹ kọ nọ́ńbà ọmọ àti àsìkò sára túùbù níbi tí ẹ wà yẹn, kí ẹ tó kúrò nínú yàrá ìbímọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: nínú láàbù

Ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun ki ju ti àgbà lọ, sẹ́ẹ̀lì pupa lè tó ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀, nítorí náà omi tí ẹ máa rí lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá yí i kì í pọ̀. Ẹ pín omi náà sínú túùbù kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹ tó gbé e sínú fírísà, nítorí pé kò yẹ kí a máa yọ́ ọ, kí a tún máa dì í. Fírísà tó ń dì dé −70 °C ló yẹ fún ohun tí yóò pẹ́. Pẹ̀lú bí iná ìjọba ṣe rí, ẹ fi tẹ̀mómítà sínú rẹ̀, kí ẹnìkan máa kọ ìwọ̀n rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, títí kan òpin ọ̀sẹ̀. Túùbù tó yọ́ lálẹ́ Sátidé, tó tún dì kí Mọ́ńdè tó dé, kò ní sọ fún yín pé òun ti yọ́.

Ẹ wo àwọ̀ omi náà. Bí ó bá pupa, sẹ́ẹ̀lì ti fọ́. Lórí ẹ̀rọ troponin T ti Roche, sẹ́ẹ̀lì tó fọ́ máa ń fa èsì wálẹ̀, èyí sì léwu jù nítorí pé nọ́ńbà kékeré kì í mú kí ẹnikẹ́ni fura. Ẹ yọ irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹ̀rọ yín ti là á sílẹ̀. Ẹ wọn àwọn ohun ìdánwò tí ìwọ̀n wọn ti hàn tẹ́lẹ̀, ti kékeré àti ti ńlá, lójoojúmọ́, kí ìyàtọ̀ láàárín èsì ohun ìdánwò kan náà láti ọjọ́ dé ọjọ́ má sì ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní àyíká ibi tí ẹ rò pé ààlà yóò wà. Ẹ má ṣe wọn gbogbo ọmọ 120 ní ọjọ́ kan, nítorí pé àìṣedéédéé ọjọ́ yẹn nìkan ni ẹ máa kó sínú ààlà yín.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìṣirò

Ẹ to èsì láti kékeré sí ńlá. Bí n bá jẹ́ iye ọmọ, ìsàlẹ̀ ààlà ni ọmọ tó wà ní ipò 0.025 × (n + 1), òkè ààlà sì ni ipò 0.975 × (n + 1). Fún ọmọ 120, ìyẹn jẹ́ 3.025 àti 117.975, ìyẹn ọmọ kẹta àti ọmọ kejìdínlọ́gọ́fà. Ààlà kọ̀ọ̀kan ní àyíká tirẹ̀ tí a lè fi ọkàn tán dé ìdá 90: láti ọmọ kìíní dé ìkeje fún ìsàlẹ̀, láti ọmọ 114 dé 120 fún òkè. Ẹ tẹ àyíká yìí jáde pẹ̀lú ààlà náà. Bí ó bá fẹ̀ jù, ó ń sọ fún yín pé ọmọ kò tíì pọ̀ tó. Fún troponin àti NT-proBNP, òkè ni ó ṣe pàtàkì. Èsì tó kéré ju ohun tí ẹ̀rọ lè rí lọ, ẹ fi í sípò tó kéré jùlọ, ẹ má sọ ọ́ di òdo.

Ọmọ kan lè ní èsì tó jìnnà sí ti gbogbo àwọn yòókù. Nítorí pé èsì wọ̀nyí máa ń fà gùn sí apá òkè, ẹ kọ́kọ́ sọ wọ́n di log. Lẹ́yìn náà, ẹ mú àlàfo tó wà láàárín ọmọ tó ga jùlọ àti ẹni tó tẹ̀lé e, kí ẹ pín in sí àlàfo tó wà láàárín ẹni tó kéré jùlọ àti ẹni tó ga jùlọ. Bí ó bá ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, ẹ padà sínú ìwé ọmọ náà. Bí ẹ bá rí ìdí, ẹ yọ ọ́, ẹ kọ ìdí náà sílẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ìdí kankan nínú ìwé, nínú túùbù tàbí nínú ẹ̀rọ, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ tó pinnu. Ẹ má ṣe yọ ọmọ kan nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ kò wù yín.

Ṣé ó yẹ kí ọmọ tí a fi iṣẹ́ abẹ gbé jáde ní ààlà tirẹ̀? Ṣé ti ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin? Ìlànà Harris àti Boyd ni a fi ń dáhùn. Ẹ yọ ìwọ̀n àárín ẹgbẹ́ kan kúrò nínú ti èkejì, kí ẹ pín in sí gbòǹgbò (square root) (s₁²/n₁ + s₂²/n₂), níbi tí s jẹ́ ìtànkálẹ̀ èsì ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan (standard deviation), tí n sì jẹ́ iye ọmọ inú rẹ̀, kí ẹ wo bóyá ohun tó jáde ju 3 × gbòǹgbò ((n₁ + n₂)/240) lọ. Bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 60, òṣùwọ̀n náà jẹ́ nǹkan bí 2.12, bí ó bá jẹ́ 120, ó di 3. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tàbí bí ìtànkálẹ̀ ẹgbẹ́ kan bá ju ti èkejì lọ ní ìlọ́po 1.5, ẹ pín wọn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá pín gbọ́dọ̀ ní ọmọ 120 tirẹ̀, ìyẹn sì lè béèrè ọdún kan sí i.

Ìgbésẹ̀ keje: lílo ààlà náà

Ìwé èsì gbọ́dọ̀ sọ ohun mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà: pé ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ni, iṣan wo ni, pé ti ọmọ tó pé oṣù ni, àti ẹ̀rọ wo ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ààlà yìí wo ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lápá ọmọ ọlọ́jọ́ méjì, nítorí pé NT-proBNP máa ń fò sókè gan-an ní ọjọ́ kìíní àti ìkejì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ẹ rán àwọn dókítà létí pẹ̀lú pé, nípa bí a ṣe ṣe ìṣirò náà, ọmọ 5 nínú 100 tí ara wọn dá yóò bọ́ síta ààlà, àti pé iye tí a ó fi sọ pé ọkàn ọmọ kan farapa jẹ́ ìwádìí mìíràn, èyí tó nílò àwọn ọmọ tó ṣàìsàn lóòótọ́.

Ilé-ìwòsàn tó ń lo irú ẹ̀rọ kan náà, tó sì ń gba ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀nà kan náà, kò nílò láti bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ 20 tí ara wọn dá gẹ́gẹ́ bí òfin tó wà lókè yìí. Bí àwọn tó bọ́ síta ààlà kò bá ju 2 lọ, wọ́n lè lò ó. Bí wọ́n bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n gba 20 mìíràn, bí ó bá sì tún rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wá tiwọn. Ẹ̀yin náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀rọ, ẹ tún fi ọmọ 20 dán ààlà yín wò kí ìwé èsì àkọ́kọ́ tó jáde láti orí èyí tuntun.